Ẹ Má Fi Àfojúdá San Owó Omi

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi,

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bílì omi ń sọ àwọn ará ilé kan náà di ọ̀tá ara wọn. Bí bílì bá dé, a ó pín in sí yàrá-yàrá. Àpọ́n á ní òun kò lo tó ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, ariwo á sì ta. Bẹ́ẹ̀ mítà wà lẹ́bàá ọgbà, kò sí ẹni tí ó bojú wò ó.

Ohun tí mo ń wí ni pé mítà kì í ṣe ti onílé àti akọ̀wé omi nìkan. Ẹni tí ń sanwó ni ó yẹ kí ó máa kà á. Ta ni nínú wa tí yóò gba owó oṣù láìṣírò wákàtí ófátáìmù rẹ̀? Dírẹ́bà wo ni kì í wo géèjì epo kí ó tó gbéra? Èéṣe tí a fi ń dijú san owó omi?

Kíkà rẹ̀ kò le. Ẹ wá àpótí kékeré tí ó ní ọmọrí, níbi tí páìpù ti gba títì wọlé. Ẹ fi igi ṣí i, nítorí àkeekèé. Ẹ fi àkísà nu ojú mítà. Lórí èyí tí ó wọ́pọ̀, nọ́ńbà dúdú ni ẹ ó kà, ẹ fi pupa sílẹ̀. Ẹyọ dúdú kan jẹ́ líta 1,000, èyí ni kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 lọ́nà 40. Bí ó bá jẹ́ 412 lóṣù tó kọjá, tí ó di 430 lóṣù yìí, 18 ni ẹ lò, líta 18,000. Bí bílì bá sọ ohun mìíràn, ẹ bi wọ́n léèrè.

Lóru, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa. Bí kẹ̀kẹ́ kékeré ojú mítà bá ṣì ń yí, omi ń jò níbì kan. Èyí tí ó ń jo líta 10 ní wákàtí kan yóò fi líta 7,200 ṣòfò ní 30 ọjọ́: kẹ́ẹ̀gì 288! Ẹ máa ro koríko àyíká àpótí náà, ẹ má sì já èdìdì mítà.

Ẹlòmíràn á ní, “Omi kò tilẹ̀ yọ, kí ni kí n kà?” Ìgbà náà gan-an ni kí o kà á! Bí nọ́ńbà kò bá kúrò lójú kan tí bílì sì ń ga, ẹ̀rí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Bí omi bá sì ń lọ tí ó ń bọ̀, afẹ́fẹ́ inú páìpù pàápàá lè yí mítà.

Kí ilé kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì. Kí wọ́n jọ kà á ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú déètì, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Kí a pín owó sí iye orí, kì í ṣe iye yàrá. Ilé tí kò ní mítà, kí gbogbo ayálégbé para pọ̀ béèrè fún un.

Ẹnu lásán kò lè ja bílì. Nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ ni yóò gbè wá. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!