ÌKÌLỌ̀ PÀJÁWÌRÌ: Láísẹ́ńsì Wà Lápò, Ọmọ Kò Mọ Ọkọ̀ Wà

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wakọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ gbọ́ o!

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wakọ̀ lójú títì márosẹ̀ lónìí ni ẹnikẹ́ni kò kọ́. Òmíràn fi ọjọ́ méjì péré gbá ọkọ̀ kiri pápá, ó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Òmíràn jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ èrò fún nígbà tí oorun bá ń kùn ún. Àwọn kan sì wà tí òbí wọn bá wọn sanwó láísẹ́ńsì láìjẹ́ pé wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ rí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: kárí ayé, kò sí ohun tó ń pa àwọn ẹni ọdún 5 sí 29 tó ìjàǹbá ojú pópó.

Ohun tí ọmọ tí a kò kọ́ kò mọ̀ nìyí. Bó bá ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, nǹkan bí mítà 28 ni ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti rìn ju mítà 80 lọ bí ẹni dijú. Bó bá sọ eré 50 di 100, ilẹ̀ tí bíréèkì yóò jẹ kí ọkọ̀ tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Bójò bá rọ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà:

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Òfin kò gbà á. Èyí tó bá ti pé, ẹ mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí. Kó wakọ̀ lóru, kó wakọ̀ nínú òjò, lójú olùkọ́, kó tó dá wà á.

Ẹ̀yin awakọ̀ èrò, bó bá rẹ̀ yín, ẹ páàkì. Ẹ má gbé ẹ̀mí èrò lé ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin èrò, bí eré bá di àsápajúdé, ẹ pariwo, ẹ ní kó dúró, kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ pa fóònù, ẹ jìnnà sí paraga.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122 kíá.

Owó ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kò tó owó pósí. Ẹ san án lónìí.