Àtúnṣe Ìwà Kò Gbọdọ̀ Dúró De Ọjọ́ Ìpadàsílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé Kánò tàbí Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Pọtakó, tí kì í ro ilé. Ṣùgbọ́n ó ṣe ni láàánú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sọ òwe yìí di ìrọ̀rí tí wọ́n ń gbé orí lé sùn. Bí ọtí bá ń ba ayé ẹlòmíràn jẹ́, a ní bí òun bá padà sílé, òun yóò jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí gbèsè bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, a ní bí òun bá délé, òun yóò mọ owó í ṣọ́ ná. Bí ìjà bá wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọjọ́ tí ó bá délé náà ni yóò parí rẹ̀. Àní àdúrà àti Bíbélì kíkà pàápàá, ilé ni ó ń dì í dè. Báyìí ni ogún ọdún ṣe ń kọjá lórí ènìyàn ní ìdálẹ̀, tí yóò sì wà bí ẹni tí ó jókòó sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí ó ti di ẹrù rẹ̀ tán, tí kò sì mọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò dé.

Lóòótọ́, ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń ta jí. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, tí àwọn ilé ìjọsìn máa ń kún fọ́fọ́ fún ìṣọ́ òru. Ní òru ọjọ́ náà, ẹni tí ó ń mutí yóò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní í fi ẹnu kàn án mọ́ láéláé. Ẹni tí ó ń lu ìyàwó rẹ̀ yóò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ó tán. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ní ìpamọ́ yóò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kí ọdún náà tó parí, òun yóò kọ́ ilé. Omijé a sì máa bọ́ lójú wọn, nítorí pé òótọ́ inú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí oṣù Kìn-ín-ní tó parí, ẹ̀jẹ́ ti bàjẹ́, ìtìjú sì ti dípò ayọ̀. Ẹ̀jẹ́ náà tóbi, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kò sí ẹni tí ó di ọ̀mùtí ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan dé ìlú àjèjì, kò mọ ẹnìkan, yàrá rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́ ní alẹ́. Ó ya ilé ọtí nítorí pé ó gbọ́ èdè Yorùbá níbẹ̀, ó sì mu ìgò kan kí àárò ilé má baà pa á. Lọ́jọ́ kejì, ó tún yà. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, kò lè sùn mọ́ láìjẹ́ pé ó mu ìgò mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ dé ọjọ́ ni àṣà búburú fi wọlé, kí ló dé tí ènìyàn fi rò pé òru kan ṣoṣo ni yóò fi jáde?

OHUN KÉKERÉ KÌ Í YÁ ÈNÌYÀN LÁRA

Ìwé Mímọ́ pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ìtàn Náámánì, olórí ogun Síríà tí ó jẹ́ adẹ́tẹ̀, wà nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì. Ó di fàdákà, wúrà àti aṣọ olówó iyebíye, ó lọ bá wòlíì Èlíṣà. Wòlíì kò tilẹ̀ jáde sí i. Ó kàn ránṣẹ́ pé kí ó lọ wẹ̀ nínú odò Jọ́dánì nígbà méje. Inú bí Náámánì. Ó ti rò pé wòlíì yóò jáde, yóò sì na ọwọ́ sí ojú ẹ̀tẹ̀ náà, tí gbogbo ènìyàn yóò sì rí i. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi ọgbọ́n bá a sọ̀rọ̀ pé bí wòlíì bá ní kí ó ṣe ohun ńlá, ṣé kò ní í ṣe é? Kí ló dé tí kò fi lè ṣe kékeré? Ó lọ wẹ̀, ara rẹ̀ sì dá. Kì í ṣe nígbà àkọ́kọ́ tí ó wọ odò ni ara rẹ̀ dá, nígbà keje ni.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ mánà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ ní aginjù. Òròòwúrọ̀ ni wọ́n ń kó èyí tí ó tó wọn jẹ lọ́jọ́ náà. Èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ di ọjọ́ kejì a dìdin, a sì máa rùn, àyàfi ti ọjọ́ ìsinmi nìkan. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àdúrà àná kò lè bọ́ ènìyàn lónìí. Nígbà tí Jésù sì ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní àdúrà, oúnjẹ òòjọ́ ni ó ní kí wọ́n bèèrè, kì í ṣe ti ọdún.

ỌMỌ YORÙBÁ TÍ WỌ́N SỌ SÍ ÌDÁLẸ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá wà tí ì bá sọ pé òun yóò dúró di ìgbà tí òun bá délé kí òun tó tún ayé òun ṣe, Samuel Àjàyí Crowther ni. Ní ọdún 1821, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá, àwọn ajínigbé kó ìlú rẹ̀, Òṣogùn, lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn ará Pọtogí ní ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun ojú omi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì gbé wọn lọ sí Sàró. Ó dé ibẹ̀ láìní ìyá, láìní baba, láìgbọ́ èdè ìlú.

Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó tọrọ ìdajì kọ́bọ̀ ayé ìgbà náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, ó sì fi ra páálí tí wọ́n tẹ lẹ́tà a-b-d sí. Ibi tí iṣẹ́ ńlá náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ̀lú. Ní ọdún 1825, ó ṣe ìrìbọmi. Ní ọdún 1843, ó di àlùfáà. Ní ọdún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ọdún 1846 ni ó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n. Ká ní ó ti ń retí ọjọ́ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ni, kí ni ìyá rẹ̀ ì bá rí?

Ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá tún fi ohun kan náà hàn. Ọdún 1850 ni ìwé Róòmù jáde. Ọdún 1884 ni wọ́n parí gbogbo Bíbélì. Ọdún 34 ni Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, bíi Thomas King, fi ń tú u ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹnu Yorùbá mu. Bíbélì tí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà gbé dání lọ sí Òkè Ọya, inú iṣẹ́ ojoojúmọ́ yẹn ni ó ti jáde. Crowther kò sì fi èdè tirẹ̀ nìkan mọ: ó tẹ ìwé a-b-d Ìgbò jáde ní ọdún 1857, ó sì kọ ìwé gírámà èdè Núpé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ti gbé ìlú Haúsá fún ọgbọ̀n ọdún tí kò gbọ́ ju iye owó ọjà lọ.

Kì í ṣe Crowther ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn Júù wà ní ìgbèkùn ní Bábílónì, tí àwọn wòlíì èké ń sọ fún wọn pé kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi padà, Jeremáyà kọ ìwé sí wọn. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbé ìyàwó, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Dáníẹ́lì náà ń gbàdúrà nígbà mẹ́ta lójúmọ́ níwájú fèrèsé tí ó kọjú sí Jerúsálẹ́mù. Kò gbàgbé ilé, ṣùgbọ́n kò dúró di ìgbà tí ó bá délé kí ó tó kúnlẹ̀.

ẸNI TÍ Ó MỌ ÀJỌ DÁ

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Kò sí ọjà tí Yorùbá wà tí kò sí alájọ. Obìnrin tí ó ń din àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà yóò fún un ní iye owó kan náà lójoojúmọ́, alájọ yóò sì sàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, obìnrin náà yóò sì gba ìyókù lódindi. Owó tí kò tó ra aṣọ ni ó fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú èésú, tí àwọn ẹrú gbé kọjá òkun, tí wọ́n ṣì ń dá ní Trinidad títí di òní lábẹ́ orúkọ susu. Ẹni tí ó bá mọ àjọ owó dá kò yẹ kí àjọ ìwà ṣòro fún.

Kí ẹni tí ó ń mutí gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé lónìí, ọ̀nà tí kò kọjá níwájú ilé ọtí, kí ó sì gbàdúrà òní fún agbára òní. Ṣùgbọ́n bí ọtí náà bá ti wọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ń gbọ̀n bí kò bá mu ún, kí ó lọ rí dókítà kí ó tó dá a dúró, nítorí pé dídá irú rẹ̀ dúró lójijì léwu. Ìgbàgbọ́ kò bá oògùn jà. Kí ajigbèsè kọ gbogbo gbèsè rẹ̀ sórí ìwé, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí tí ó kéré jù. Kí ẹni tí ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà fi tẹlifóònù kí i ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ó má tilẹ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba wọn; kí ó ṣáà wí pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé dáadáa ni ẹ jí?” Ìkíni mẹ́wàá lè ṣí ilẹ̀kùn tí ẹjọ́ mẹ́wàá kò lè ṣí. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá pa àlọ́ kan fún un ní alẹ́. Kí ẹni tí kò ní sùúrù ka orí kan nínú Bíbélì kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé agbára Ọlọ́run kò ní òdiwọ̀n, àti pé ojú ọ̀nà Dámásíkù ni Pọ́ọ̀lù ti yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí olúwa rẹ̀ ka ìtàn náà dé òpin. Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ náà, ọwọ́ ni wọ́n fi fa Pọ́ọ̀lù wọ ìlú, ojú rẹ̀ sì fọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó lọ sí Arébíà, ọdún mẹ́ta sì kọjá kí ó tó gòkè lọ bá Pétérù ní Jerúsálẹ́mù. Òun kan náà ni ó kọ̀wé lẹ́yìn náà pé ojoojúmọ́ ni òun ń kú, àti pé ọjọ́ dé ọjọ́ ni ọkàn ń di tuntun. Ìṣẹ́jú kan tó fún Ọlọ́run láti pe ènìyàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ayé ẹni gbogbo ni ènìyàn fi ń jẹ́ ìpè náà.

Ibi tí ìgbàgbọ́ ti wúlò jù ni ọjọ́ tí ènìyàn bá ṣubú. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara rẹ̀ nìkan yóò sọ pé nígbà tí òun ti mu ìgò kan, kí òun kúkú mu mẹ́wàá. Onígbàgbọ́ mọ̀ pé olódodo lè ṣubú nígbà méje kí ó sì tún dìde, àti pé àánú tuntun wà fún òwúrọ̀ tuntun. Alájọ kì í fa káàdì ya nítorí ọjọ́ kan tí oníbàárà kò rí owó dá. Ọlọ́run kò le ju alájọ lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ṣubú wá àgbà kan nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, tí yóò máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, “Báwo ni ọ̀sẹ̀ yìí ti rí?”

Ọjọ́ ìpadàsílé yóò dé. Yálà lórí ẹsẹ̀ tàbí nínú pósí, yóò dé. Ní ọjọ́ náà, ìwà tí ènìyàn hù ní ìdálẹ̀ ni yóò bá a wọlé. Kò sí ìwà mìíràn tí ó ń dúró dè é ní ẹnu ààlà ìlú. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kí àwọn ará ilé rí ènìyàn gidi, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a ní òní, díẹ̀ díẹ̀, ní yàrá tí ó wà yẹn, ní ìlú tí Ọlọ́run fi í sí.