Owó Ìdúró Dẹ́rẹ́bà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ ò tíì gbàgbé bí tírélà ṣe tò láti Àpápá dé Western Avenue wa níbí. Ní February 27, 2021, àjọ NPA gbé ètò tí wọ́n pè ní Eto kalẹ̀, kí tírélà máa gba àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó wọ èbúté. Ó dáa. Google Maps náà wà, àmọ́ kò mọ bí tírélà ṣe ga tó. Kò sì sí ẹ̀rọ tó mọ̀ pé ebi ń pa dẹ́rẹ́bà. Iye ìrìn ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ fi ń sanwó fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi dúró, òfo ni. Àwa ọlọ́jà ńkọ́? Àwa náà la máa ń ná owó ọkọ̀ wálẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń háyà tírélà, ẹ kọ owó ìdúró sínú àdéhùn, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó dé ọwọ́ dẹ́rẹ́bà.