Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ̀wé Nípa Ìṣirò

Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ bá yín rò. Bí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣe ń sọ̀rọ̀ nọ́ńbà ńlá dà bí ìgbà tí èèyàn ń ka owó olówó: ẹ ń sọ bó ṣe pọ̀ tó, ẹ kì í sọ bí wọ́n ṣe rí i. Ẹ wo 147,573,952,589,676,412,927, èyí tí í ṣe 2⁶⁷−1. Ní 1644, Marin Mersenne kà á mọ́ nọ́ńbà práìmù, ìyẹn àwọn tí kò sí ohun tó lè pín wọn dọ́gba àfi 1 àti ara wọn. Ìtàn tí ẹ fẹ́ràn ni ti Frank Nelson Cole, tí wọ́n ní ó dúró níwájú pátákó ní 1903, tí kò sọ̀rọ̀ rárá, tó kàn sọ 193,707,721 àti 761,838,257,287 di púpọ̀ títí ó fi kan nọ́ńbà yìí, tí àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Ìwé tí Eric Temple Bell tẹ̀ jáde ní 1951 ló sọ ìtàn náà di ìlú mọ̀ọ́ká, Cole sì ti kú láti 1926.

Ohun tí ìtàn yẹn fi sílẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Láti 1876 ni Édouard Lucas ti fi hàn pé nọ́ńbà náà kì í ṣe práìmù, láìjẹ́ pé ó mọ ẹyọ olùpín rẹ̀ kan. Ọ̀nà rẹ̀ yìí, tí Derrick Lehmer tún ṣe ní 1930, ni wọ́n fi fìdí 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹−1 múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi práìmù ní 2024. Síbẹ̀, dígíìtì rẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógójì ni ariwo dá lé lórí.

Ẹ lè sọ pé ìtàn ló ń fa ọmọdé mọ́ra, pé àlàyé yóò le jù fún wọn. Ìtàn ń fani mọ́ra lóòótọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ní àlàyé le? Láti 1640 ni Fermat ti mọ̀ pé bí nọ́ńbà kékeré tó wà lórí 2 bá jẹ́ práìmù, bíi 67 nínú 2⁶⁷−1, gbogbo olùpín práìmù 2⁶⁷−1 gbọ́dọ̀ fi 1 ju ìlọ́po 134 lọ, ìyẹn 67 lọ́nà méjì. Méjèèjì tí Cole rí bá òfin yìí mu. Ẹ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní 2¹¹−1, ìyẹn 2047. Bí kò bá mọ òfin náà, práìmù mẹ́rìnlá ló wà tó lè dán wò, láti 2 dé 43. Bó bá mọ̀ ọ́n, àwọn tó fi 1 ju ìlọ́po 22 lọ nìkan ni yóò wò, 23 nìkan ló sì kù láàárín wọn. Yóò pín in, yóò rí 89. Ìyẹn náà yẹ fún àtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n bá tún kéde nọ́ńbà ńlá mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín ìpínrọ̀ kan kù nínú ọ̀rọ̀ títóbi rẹ̀, kí ẹ fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dán an wò.