Orúkọ ọmọ ayò kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán

1/ Látìgbà tí Tunde Onakoya ti ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square lọ́dún 2024, ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ sọ chess di tiwa. Ohun tí mo sì sábà máa ń rí ni pé wọ́n á dé ọba ládé ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á pe ayaba ní Olorì, ó parí.

2/ Ó rẹwà o, àmọ́ kò tó. Kódà tí a bá pe ọba ní Ọbaro, ìrìn rẹ̀ ò yí padà. Orúkọ tó dáa máa ń jẹ́ kó o mọ bí ọmọ ayò ṣe ń rìn.

3/ Ṣé o rò pé orúkọ chess ò ṣeé fọwọ́ kàn ni? Bíṣọ́ọ̀bù yẹn, erin ni ní Páṣíà. Erin náà ni àwọn ará Rọ́ṣíà ṣì ń pè é. Àwọn Faransé ní wèrè ni 😂. Ayaba gan-an, ìjòyè ọkùnrin ni tẹ́lẹ̀, ilé kan ṣoṣo ló sì ń sún lẹ́ẹ̀kan.

4/ Lọ́dún 1913, òyìnbó kan, T. R. Dawson, dá ọmọ ayò tuntun sílẹ̀. Ọ̀nà tí ayaba ń gbà ló ń gbà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fo ẹlòmíì, ẹ̀yìn onítọ̀hún gan-an ni á sì balẹ̀ sí. Ó pè é ní tata. O gbọ́ orúkọ, o ti mọ̀ pé fífò ni.

5/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá ti Kabba. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Núpé gun ẹṣin láti Bídà wá kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Orí òkè ni ọ̀pọ̀ sá sí.

6/ Nítorí náà, "Òkè" ni màá dá. Kì í rìn, kò ṣeé pa. Ẹṣin tó ń fo gbogbo nǹkan, kò lè fo Òkè. Ọmọ ogun tó bá dúró tì í, ẹṣin ò lè pa á. Àmọ́ tó bá pé ìgbà mẹ́ta tí kò kúrò níbẹ̀, ààbò tán, torí ìsàlẹ̀ ni oko wà.

7/ Wọ́n á ní, "Ṣé èyí ló máa gbé ọmọ lọ ìdíje?" Rárá, chess ti ìdíje wà níbẹ̀, kò lọ ibì kankan. Àmọ́ ọmọ tó bá bi ìyá àgbà rẹ̀ pé kí ló dé tí ẹṣin ò lè fo Òkè, ìtàn ìlú rẹ̀ ló ń bèèrè yẹn.

8/ Ìlú tìẹ ńkọ́? Ọmọ ayò wo lo máa dá? Má kàn sọ orúkọ fún mi o, sọ bó ṣe máa rìn 👇🏾