Ta Ni Yóò Fún Òṣèré Ní Firídọ́ọ̀mù?

Ó ti di àṣà láàárín wa pé bí olórí òṣèré bá kúrò nínú eré ìdílé tí a ti ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọdún pípẹ́, a ó kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀, a ó sì sọ pé aláìmoore ni kí èsì tó dé. "Eré yẹn ni ó sọ ọ́ di ènìyàn." "Owó ti gùn ún lórí." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, mo sì ti gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ ní Agric, n kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ti àwọn méjèèjì. Èmi kò fara mọ́ ọn. Lójú tèmi, ẹni tí ó lọ kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí kò ní òpin ni a gbé lé e lọ́wọ́, a sì ń bínú pé ó wá òpin sí i fúnra rẹ̀.

Ẹ wo àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wa. Ní Agric, ní ojú ọ̀nà tí ó wọ Ìkòròdú, ó ṣọ̀wọ́n kí ọjọ́ Sátidé mélòó kan kọjá kí a má rí àgọ́ tí wọ́n ta sí iwájú ṣọ́ọ̀bù téílọ̀ tàbí ti onídìrí. Ọmọ-iṣẹ́ kan ń gba firídọ́ọ̀mù ni. Ọ̀gá yóò gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, yóò gbàdúrà fún un, àwọn òbí yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́, gbogbo wọn yóò sì ya fọ́tò. Kò sí ẹni tí yóò pe ọmọ náà ní aláìmoore nítorí pé ó ń lọ. Bí kò bá lọ gan-an ni àwọn aládùúgbò yóò máa bèèrè ohun tí ó ń ṣe é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wá ni wọ́n ti sọ iye ọdún tí yóò lò, gbogbo wọn sì mọ̀ ọ́n. Èwo nínú àwọn òṣèré wa ni a ta irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ fún rí?

Ọ̀rọ̀ ìlọ òṣèré kì í ṣe ti òní. Hubert Ògúndé, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, mọ ohun tí ó máa ń ná ọ̀gá bí òṣèrébìnrin tí ó ti kọ́ tán bá kó ẹrù rẹ̀. Ó fẹ́ púpọ̀ nínú wọn níyàwó. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àdéhùn ni ìyẹn pẹ̀lú: obìnrin náà ní ilé nínú iṣẹ́ náà, ó ní ọmọ, ó sì ní ẹ̀tọ́ tí ayé mọ̀. Moses Ọláìyá ńkọ́? Kí orúkọ Bàbá Sàlá tó gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, ó ní ẹgbẹ́ olórin tí Sunny Adé wà nínú rẹ̀ ní ìgbà èwe. Sunny Adé kúrò, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ta ni yóò dìde lónìí pé ìlọ yẹn ba nǹkan jẹ́? Orin jùjú rí ọba kan, àwàdà rí òmíràn.

Wọ́n á ní ti tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀, pé bí baba inú eré bá lọ, eré kú nìyẹn. Irọ́ ni. The Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ dé orí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1968, ó sì ń bá a lọ títí di ọdún 1988. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn: Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson àti Justus Esiri. Síbẹ̀, àwa tí a dàgbà nígbà náà kò yé jókòó síwájú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù ni ti ẹni tí ó ni orúkọ. Wálé Adénúgà ni ó dá Papa Ajasco sílẹ̀ nínú ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín rẹ̀, Ikebe Super, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976. Nígbà tí ó sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1984, Peter Fátómilọ́lá ni ó ṣe Papa Ajasco. Nígbà tí ó di eré ìdílé lórí tẹlifíṣọ̀n ní àárín àwọn ọdún 1990, Abíọ́dún Ayọ̀yínká ni ó gbé e wọ̀. Lẹ́yìn náà a tún rí Fẹ́mi Ogunrombi, tí ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2023, pẹ̀lú orí pípá àti irùngbọ̀n kan náà. N kò bá Adénúgà jà lórí èyí. Òun ni ó bí ọmọ, òun ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà wé ti eégún. Ìdílé ni ó ni agọ̀. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ lọ́dún yìí lè má wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀míràn, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ó bá bọ́ agọ̀ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò nawọ́ sí i lọ́jà pé eégún nìyí. Òṣèré tẹlifíṣọ̀n kò rí agọ̀ rẹ̀ bọ́. Ojú tirẹ̀ gan-an ni agọ̀ náà. Bí ó bá wọ ọkọ̀, Papa Ajasco ni. Bí ó bá lọ sí ìsìnkú ìyá rẹ̀, Papa Ajasco ni, wọn yóò sì fẹ́ kí ó pa àwọn lẹ́rìn-ín. Bí ó bá wá iṣẹ́ sínú fíìmù mìíràn, adarí eré yóò ní ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹrù orúkọ wà lórí rẹ̀, orúkọ fúnra rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ fi wé Bàbátúndé Omídínà tí wọ́n sin sí Ìkòròdú níhìn-ín ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Bàbá Sùwé ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n òun ni ó ni Bàbá Sùwé. Ó gbé e láti inú fíìmù kan dé òmíràn, láti ọ̀dọ̀ olóòtú kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà jìn sí ara wọn láàárín àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín kan náà ni àwa ń rín.

Kì í sì í ṣe owó nìkan ni ó ń lé òṣèré lọ. Ní Amẹ́ríkà, eré ìdílé kan tí wọ́n pè ní Good Times bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974, lórí àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò rí já jẹ ní Chicago. Esther Rolle, tí ó ṣe ìyá ilé, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní í ṣe é àfi bí baba bá wà nínú ilé náà. John Amos ni wọ́n mú ṣe baba. Nígbà tí ó yá, àwọn òǹkọ̀wé rí i pé ẹ̀rín pọ̀ lára àkọ́bí ilé náà, wọ́n sì sọ ọ́ di òpònú. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ní làákàyè di ẹni ẹ̀yìn. Amos bá wọn jiyàn. Ní ọdún 1976 wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì fi ìjàǹbá ọkọ̀ pa baba náà nínú ìtàn. Rolle fúnra rẹ̀ kúrò ní ọdún 1977. Ó padà fún ìpele tí ó kẹ́yìn, eré náà sì kógbá sílé ní ọdún 1979. Amos tí wọ́n lé ni ó ṣe Kunta Kinte àgbà nínú Roots ní ọdún 1977. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí a ń pè ní "ó lọ" lè jẹ́ "wọ́n lé e." Ẹni tí ń ṣe baba fún ìdílé kan lójú gbogbo ayé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò ní ohun tí kò ní í fẹ́ kí baba náà ṣe. Bí kò bá ní i, kò yẹ ní ẹni tí à ń wò.

N kò sọ pé kò sí onígbèéraga nínú àwọn òṣèré. Wọ́n wà, mo sì ti rí lára wọn tí wọn kì í dé ibi iṣẹ́ kí oòrùn tó kanrí. Ìyẹn kò dáhùn ọ̀rọ̀ mi. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tuntun, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó ṣe níwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n òfin kì í ba ẹnu jà. Ìwé ni ó ń kà, iṣẹ́ tí a sì fi "ṣé o ti gbọ́ mi, àbúrò?" bẹ̀rẹ̀ kò ní ìwé. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: iye ọdún, ohun tí yóò kàn án bí wọ́n bá tún eré náà gbé jáde nígbà tí ó bá ti darúgbó, àti ohun tí ó lè fi ojú ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò.

Àwọn olóòtú yóò ní iṣẹ́ eré kò ṣeé dá ọjọ́ fún, pé a kì í mọ ibi tí ìtàn yóò já sí. Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ tàbí ti onímílíìkì tí ń polówó láàárín eré náà jáde. Iye owó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí náà sì wà níbẹ̀.