Ipá Epo Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti ọkọ̀ tuntun tí àwọn olówó ń gùn, bí kò ṣe ti ọkọ̀ àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ baálé ilé ní Adéwọlé wa níhìn-ín, ní ìlú Ìlọrin, ṣì fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì fi ń gbé ẹrù ìyàwó wọn lọ sí ọjà. Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa.

Ọkọ̀ Mercedes 230E ni àwa ní, irú èyí tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1980 sí 1985. Ní òwúrọ̀, bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́, kíá ni ẹ́ńjìnnì yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọjà, tí a pa á sínú oòrùn fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, a ó yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì yóò fi rẹ̀, kò sì ní dáhùn àfi bí ó bá tutù tán. Ẹni tí ó ń bá wa tún un ṣe wò ó, ó ní, “Bàbá, pọ́ǹpù epo ti kú.” A ra pọ́ǹpù tòkunbọ̀, àìsàn náà kò lọ. Ó ní òkú pọ́ǹpù ni wọ́n tà fún wa. A tún ra òmíràn. Owó ìdánwò àṣejáde àkọ́bí wa obìnrin ni a fi ra èkejì yìí. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà bi wá léèrè pé, “Bàbá, ìgbà wo ni ẹ ó san owó náà?” a kò lè gbé ojú sókè. Ìyá rẹ̀ ni ó lọ bẹ olórí àjọ rẹ̀ kí ó lè kó owó ṣáájú àkókò. Ọkọ̀ náà kò sì tíì san síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a sin ìyá ilé wa lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí nọ́ọ̀sì tó dárúkọ oògùn rárá, ó di aṣọ mọ́ ọn ní apá, ó wọ̀n ọ́n, ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a rí yìí gún wa ní ọkàn. A ti ra oògùn lẹ́ẹ̀mejì fún ọkọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kò sì tíì wọ̀n ọ́n rí!

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé. Nínú ọkọ̀ tí ń lo kabúrétọ̀, bí irú ọ̀pọ̀ Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń fa epo mu, ipá díẹ̀ sì tó fún un. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí a ń fọ́n epo sí, pọ́ǹpù ni ó ń fi ipá ti epo lọ sí ẹnu nọ́súlù. Ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé D-Jetronic jáde ní ọdún 1967, wọ́n sì gbé K-Jetronic, èyí tí ń fọ́n epo láìdáwọ́dúró, jáde ní ọdún 1973. Ipá epo inú K-Jetronic tó nǹkan bí 5 bar, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì ipá afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré. Ti L-Jetronic kò ju 2.5 tàbí 3 bar lọ. Kọ̀ǹpútà tí àwọn mẹkáníìkì òde òní fi ń ka àìsàn ọkọ̀ kò lè ràn wá lọ́wọ́ lórí irú ọkọ̀ tiwa, nítorí K-Jetronic ìgbà náà kò ní ibi tí a ó ti so ó mọ́ ọn. Gééjì ni ẹlẹ́rìí tí ó wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní gééjì, a sì pè é. Ó so ó mọ́ ọ̀nà epo, ó ṣáná sí ọkọ̀, abẹ́rẹ́ gééjì sì gòkè dé nǹkan bí 5 bar, ó dúró níbẹ̀. Ó ní, “Bàbá, pọ́ǹpù yín kò jẹ̀bi.” Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí a máa wo abẹ́rẹ́. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ó ti wálẹ̀ dé òdo. Níbẹ̀ ni àrùn wa wà! Bí a bá pa irú ọkọ̀ yìí, ó yẹ kí ipá díẹ̀ kù nínú ọ̀nà epo fún ìgbà pípẹ́, kí ooru ẹ́ńjìnnì má baà sọ epo di oru. Bí ipá náà bá lọ, oru ni nọ́súlù yóò máa fọ́n dípò epo, ọkọ̀ kò sì ní dáhùn títí yóò fi tutù.

Ta ni ó wá ń jẹ́ kí ipá náà lọ? Ó lè jẹ́ fáàfù ẹnu pọ́ǹpù, ó lè jẹ́ nọ́súlù tí ń kán, ó lè jẹ́ rẹ́gúlétọ̀, ó sì lè jẹ́ akúmúlétọ̀, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti fi ipá pamọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún rọ́bà kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn akúmúlétọ̀ pa, ó tún ṣáná sí ọkọ̀, ó sì tún pa á. Lọ́tẹ̀ yìí abẹ́rẹ́ kò wálẹ̀ mọ́. Awọ inú akúmúlétọ̀ ni ó ti ya. A pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ wa sì ń dáhùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan títí di òní. Àwọn pọ́ǹpù tí a yọ sì wà nínú ilé, wọ́n ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà.

Kí ẹ̀yin má baà ṣe bí a ti ṣe, ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkínní ni ti ẹ̀mí. Ipá ń bẹ nínú ọ̀nà epo bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ti kú, epo a sì máa tú jáde bí a bá tú u láìmọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nítòsí, kí ẹ má sì ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ fi aṣọ nípọn bo ibi tí ẹ ń tú, kí iyanrìn gbígbẹ tàbí ẹ̀rọ ìpaná sì wà ní àrọ́wọ́tó. Kí gééjì náà jẹ́ èyí tí ó lè gba 7 bar tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, kí ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi, ẹ wo fíúsì, rílè, bátìrì àti wáyà ilẹ̀. Pọ́ǹpù tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa yóò ṣe bí aláìlera, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní àrùn kankan.

Ẹ̀kẹta, bí ipá bá kéré nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí ọkọ̀ kò lágbára láti gun òkè, ẹ wo asẹ́ epo àti asẹ́ inú táńkì. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù tú epo sínú ìgò fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ sì fi iye rẹ̀ wé ti ìwé ọkọ̀ náà. Bí epo bá pọ̀ tó, ṣùgbọ́n tí ipá kò tó, rẹ́gúlétọ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ̀kẹrin, bí ipá bá pọ̀ jù, tí èéfín dúdú ń jáde, ẹ wo rọ́bà tí ń dá epo padà sí táńkì bóyá ó ti dí. Nínú L-Jetronic, ẹ yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ́gúlétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́: ipá yóò gòkè ní nǹkan bí 0.5 bar. Bí ẹ bá bá epo nínú rọ́bà náà, awọ rẹ́gúlétọ̀ ti ya.

Ọ̀rọ̀ epo fúnra rẹ̀ kù. Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa. Methanol a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ rọ́bà àtijọ́. Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti iye tí kò tó 200 náírà kọjá 480, ọ̀pọ̀ wa ni ó ń fi epo ìsàlẹ̀ táńkì rìn. A mọ̀ pé owó ni kò sí. Ṣùgbọ́n epo ni ó ń tu pọ́ǹpù lára. Táńkì irin tí ó sì ń gbẹ lemọ́lemọ́ a máa dógùn-ún, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì lọ di asẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí ó dín sí ìdámẹ́rin.

Àwa kò kọ èyí láti bú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó tàn wá jẹ kò sí. Ẹni tí ó fojú wọ̀n dípò gééjì ni ó wà, àwa náà sì ni a kò béèrè. Ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé pọ́ǹpù ti kú, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í pé, “Ẹ jọ̀wọ́, èló ni gééjì wí?” Ìbéèrè kan yìí ìbá ti gba ojú wa lọ́wọ́ ìtìjú níwájú ọmọ wa.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ọ̀nà yín ó dán.